Oníṣirò owó tó fẹ́ di dépútè: ohun tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 36 ni mí. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń ṣe kọ́ńtábù. Mò ń bá àwọn tó ń ta sìmẹ́ńtì, àwọn tó ń ra àgbàdo lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti ilé ìwé aládàáni méjì kọ ìwé owó wọn. Lódìkejì ààlà, lọ́dọ̀ àwọn ará Ògùn, mò ń gbọ́ pé oníṣirò owó a máa di aṣòfin ìpínlẹ̀. Èmi náà fẹ́ ṣe é. Ṣé ìwé ẹ̀rí mi á tì mí lẹ́yìn? Bí mo bá wọlé, ṣé màá rí owó fi tún ọ̀nà oko wa ṣe? Àwọn oníbàárà mi ńkọ́, ṣé mo máa pàdánù wọn ni?"

Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ kọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹrin wà lábẹ́ wọn tí ẹ kò kọ: ṣé ẹni tó mọ owó kà kọ́ ló yẹ kó wà níbi tí wọ́n ti ń pín owó ìlú? Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà tí ẹ fọkàn sí ló ń gbé ènìyàn débẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ sì rò pé ẹ máa bá níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà níbẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti aṣòfin ìpínlẹ̀ kúrò nílẹ̀. Nàìjíríà ní ìpínlẹ̀ 36, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Ti Ògùn wà ní Òkè-Mosàn ní Abẹ́òkúta, aṣòfin 26 ló ń jókòó níbẹ̀. Ìwé òfin wọn ti 1999 pa á láṣẹ pé bí ọ̀gá àgbà tó ń yẹ ìwé owó ìpínlẹ̀ wò bá ti gba àkọsílẹ̀ owó ọdún, kí ó fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin láàárín 90 ọjọ́, kí ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìwé owó ìlú sì tú u wò. Oníṣirò owó tó bá bọ́ sínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti bọ́ sídìí iṣẹ́ tó mọ̀. Tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kétu wà ní ẹkùn Plateau, Ṣábẹ̀ wà ní ẹkùn Collines, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wà ní ẹkùn Ouémé, ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ẹkùn wọ̀nyí tó ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Préfet ló wà lórí wọn, ìjọba ló sì ń yàn án. Ibi méjì péré ni ìbò lè gbé yín dé: ìgbìmọ̀ kọ́múùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ní Kétu níbẹ̀, tàbí Ilé Aṣòfin àpapọ̀ ní Àjàṣẹ́, níbi tí dépútè 109 ti ń ṣòfin fún gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìwé òfin wa tún sọ pé gbogbo orílẹ̀-èdè ni dépútè kọ̀ọ̀kan ń ṣojú fún, kì í ṣe ìlú rẹ̀ nìkan, kò sì sí ẹni tó lè fi dandan lé e pé báyìí ni kó dìbò. Àwọn ará ilé kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn o, ṣùgbọ́n bí òfin ṣe wí nìyẹn.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, òfin kò bèèrè ti ìṣirò owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ ló ń gbé ènìyàn wọlé. Ẹnikẹ́ni kò lè dá jáde du ìjókòó dépútè lórúkọ ara rẹ̀. Orúkọ yín ní láti wà lórí àkójọ ẹgbẹ́ kan. Ẹkùn ìdìbò 24 ló wà, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ni wọ́n ti ya ìjókòó kan sọ́tọ̀ fún obìnrin. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin ìdìbò ní 2024 wá mú kó le sí i: ẹgbẹ́ ní láti rí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan kó tó lè bá wọn pín ìjókòó, àfi tó bá ti bá ẹgbẹ́ mìíràn mulẹ̀ bí òfin ṣe là á sílẹ̀. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, ẹgbẹ́ méjì péré ló pín gbogbo ìjókòó 109 náà. Ẹ lè jẹ́ ààyò gbogbo ọjà Kétu, bí ẹgbẹ́ yín kò bá rí ìbò ní Natitingou àti Kandi, ilé lẹ ó wà.

Àwọn ènìyàn a máa tọ́ka sí Romuald Wadagni, tó kúrò ní Deloitte, ilé iṣẹ́ oníṣirò owó, tó di mínísítà ìṣúná ní 2016. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n yíyàn ni wọ́n yàn án sípò mínísítà yẹn, kò gbé àpótí ìbò kó tó débẹ̀. Wọ́n tún máa ń dárúkọ Nicéphore Soglo, tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìṣúná kó tó di ààrẹ ní 1991, àti Louis Vlavonou, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù tó di olórí Ilé Aṣòfin ní 2019. Àwọn wọ̀nyí mọ owó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i pé ìdí ìṣèlú ni ìbò wọn ti wá, kì í ṣe ìdí ìwé owó.

Báwo wá ni kọ́ńtábù ṣe ń di ẹni tí ẹgbẹ́ ń wá? Ibi tí ẹ kò fọkàn sí ni: àpótí owó ẹgbẹ́. Òfin ẹgbẹ́ òṣèlú ti 2018 sọ pé ẹgbẹ́ ní láti ní olùdásílẹ̀ 15 ó kéré tán nínú kọ́múùnù kọ̀ọ̀kan. Kọ́múùnù 77 la ní, ìyẹn 1,155 ènìyàn, ìwé oníkálukú sì ní láti pé. Lẹ́yìn ìbò, ẹgbẹ́ ní láti kó àkọsílẹ̀ owó ìpolongo lọ fún Cour des comptes, ilé ẹjọ́ tó ń yẹ ìwé owó ìlú wò, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìnáwó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Wọ́n ra epo ọkọ̀ láìgba ìwé. Wọ́n háyà àga àti tẹ́ǹtì lẹ́nu lásán. Ẹni tó ń lu ìlù gba owó, kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Nígbà tó bá ku ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó lè tò ó. Kọ́ńtábù tó bá ti ń fún àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ní ìwé ìgbowó alábala méjì láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tó ń gba ìṣirò lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, tí kì í sì í fún ẹni tí kò tíì mú ìwé ti àná wá lówó míì, orúkọ ẹni yẹn kì í pẹ́ dé etí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní Cotonou. Ẹ má kó ipò igbákejì dànù pẹ̀lú. Olúkúlùkù olùdíje ló ní ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn tirẹ̀, tí yóò jókòó bí ẹni àkọ́kọ́ bá di mínísítà tàbí tó kú. Ọ̀pọ̀ ló ti gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé.

Ohun kan tún wà tó yẹ kó rọ̀ yín lọ́rùn, tó sì ń gbé kọ́ńtábù pàápàá ṣubú: quitus fiscal, ìwé tó ń jẹ́rìí pé ẹ kò jẹ owó orí. Owó orí ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ọdún ìbò ni wọ́n ń wò. Ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti pa láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹ kò kọ̀wé sí àwọn impôts, ìyẹn àwọn agbowó orí, pé ẹ ti pa á, ṣì ń ka owó sí yín lọ́rùn. Yàrá méjì tí ẹ fi ń gba owó ilé náà ń kà. Orúkọ tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ àti èyí tó wà lára nọ́ńbà IFU yín, ìyẹn nọ́ńbà owó orí tó ní òǹkà 13, lè yàtọ̀ ní lẹ́tà kan péré, irú bí Adékàmbí tí wọ́n kọ ní Adecambi níbì kan, kí fáìlì sì dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró dìgbà tí oṣù kan bá kù kó tó lọ tún un ṣe ti pẹ́ jù.

Ká sọ pé ẹ ti wọlé. Owó ọ̀nà oko dà? Kò sí lọ́wọ́ dépútè. Ọ̀nà oko, iṣẹ́ kọ́múùnù ni. Láti ìgbà tí òfin ìṣàkóso kọ́múùnù ti oṣù kejìlá 2021 sì ti jáde, maire, olórí kọ́múùnù, pàápàá kọ́ ló ń fọwọ́ sí ìnáwó mọ́. Secrétaire exécutif, ìyẹn akọ̀wé àgbà kọ́múùnù, ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n san, receveur, ìyẹn akápò, ló sì ń sanwó. Dépútè kò sí nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó lè ṣe ni kó bá àbá ètò ìṣúná jà ní Àjàṣẹ́, ìjà yẹn sì ní okùn lọ́rùn. Abala 107 ìwé òfin wa sọ pé àbá dépútè tó bá máa dín owó tó ń wọlé kù, tàbí tó máa fi kún ìnáwó, kò ṣeé gbà, àyàfi tó bá fi hàn níbi tí owó tó tó bẹ́ẹ̀ ti máa wọlé tàbí ibi tí wọ́n ti máa dín in kù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ débit àti crédit, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wò ó nítòsí. Ká ní ẹ fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí agbègbè Idigny, kó ná wọn ní mílíọ̀nù 40 fáráńkì CFA. Ẹ kò kàn lè kọ ọ́ kún un. Ẹ ní láti tọ́ka sí ibi tí mílíọ̀nù 40 yẹn ti máa jáde, bóyá láti inú owó ìrìnàjò àti àlejò ilé iṣẹ́ ìjọba kan. Nígbà náà ni aṣojú ìjọba á dìde, á ní ìlà yẹn ti ní àdéhùn lórí. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti 2022 ni Bẹ̀nẹ̀ ti bọ́ sínú ìṣúná alábala-ètò, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi ètò iṣẹ́ pín, tí ìlà iṣẹ́ ìdókòwò ìjọba (investissement) fi ní iye méjì: autorisation d'engagement, ìyẹn gbogbo gbèsè tí ìjọba láṣẹ láti wọ̀ lórí iṣẹ́ náà, àti crédit de paiement, ìyẹn èyí tí wọ́n lè san lọ́dún yìí. Ilé ẹ̀kọ́ tó máa gba mílíọ̀nù 300 lè ní 300 lábẹ́ ti àkọ́kọ́, kó sì ní 100 péré lábẹ́ ti kejì. Dépútè tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí á lọ gé 100, á rò pé òun ti rí owó, láìmọ̀ pé gbèsè agbaṣẹ́ṣe lòun ń gé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á wá ìlà tí wọn kò tíì fọwọ́ sí àdéhùn kankan lórí rẹ̀.

Ìgbà tó dára jù láti jà tilẹ̀ kọ́ nìyẹn. Àbá ìṣúná máa ń dé ọwọ́ dépútè ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìjókòó oṣù kẹwàá, bí wọn kò bá sì dìbò lé e títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, ìjọba lè fi àṣẹ gbé e jáde. Ètò ìṣúná 2025 jẹ́ fáráńkì CFA bílíọ̀nù 3,551. Balance, ìyẹn àkópọ̀ ìwé owó, oníṣòwò sìmẹ́ńtì yín kò ju ojú ìwé mélòó kan lọ. Kí lẹ máa kà tán nínú ètò ìṣúná yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá? Ìjíròrò lórí ibi tí ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ ń dojú kọ, tó máa ń wáyé kí oṣù kẹfà tó parí, ni kí ẹ máa dúró dè. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ṣì ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ kan lásìkò yẹn sàn ju àbá mẹ́wàá ní oṣù kejìlá lọ.

Níbo wá ni ọgbọ́n yín ti wúlò jù? Níbi tí àwọn oníròyìn kì í fi bẹ́ẹ̀ sí ni, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ti ìwé ọdún tó kọjá, ohun tí wọ́n ń pè ní loi de règlement. Cour des comptes á ti gbé ìròyìn rẹ̀ wá, á sì ti sọ bóyá ìwé àwọn tó pàṣẹ ìnáwó bá ìwé àwọn tó sanwó mu. Ojú kọ́ńtábù níláti mú níbẹ̀. Ìnáwó ìjọba ń gba ipele mẹ́rin kọjá: engagement (wíwọ gbèsè), liquidation, ordonnancement (pípàṣẹ kí wọ́n san), paiement (sísan owó). Ẹ kíyè sí ìkejì, torí ó ń tan àwọn tó ti ìdí okòwò wá. Lọ́dọ̀ oníṣòwò, liquidation ni kí wọ́n pa ilé iṣẹ́ dé kí wọ́n ta ẹrù rẹ̀. Nínú ìṣúná ìjọba, wọ́n kàn ń wò ó bóyá iṣẹ́ náà ti ṣe àti pé èló gan-an ni wọ́n jẹ. Ẹ wá fi ipele kẹta wé ìkẹrin. Bí wọ́n bá ti pàṣẹ ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n sì san 60, ìdá 35 tó kù wà lọ́rùn agbaṣẹ́ṣe kan, ó sì lè jẹ́ pé agbaṣẹ́ṣe yẹn kò rí owó san gbèsè sìmẹ́ńtì tó jẹ oníbàárà yín. Láti ibẹ̀, ìwé òfin fún yín ní irinṣẹ́: ìbéèrè alákọsílẹ̀, ìbéèrè alẹ́nu, àti ìgbìmọ̀ ìwádìí. Ẹ wá àyè sínú ìgbìmọ̀ ìṣúná, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ márùn-ún tó wà nílé náà, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ́ ló ń pín ibẹ̀, wọn kì í wo ìwé ẹ̀rí nìkan.

Ìmọ̀ SYSCOHADA, ìlànà ìṣirò owó àwọn oníṣòwò, tí ẹ ní á ràn yín lọ́wọ́ dé ìwọ̀n kan. Ó kọ́ yín láti wá èrè àti àdánù, kíláàsì 6 (ìnáwó) àti kíláàsì 7 (owó tó wọlé). Ìjọba kì í wá èrè; ohun tí ẹ máa wò ni bóyá wọ́n kọjá iye tí wọ́n fún wọn láṣẹ, àti bóyá iṣẹ́ tó wà nínú ìwé wà lórí ilẹ̀. OHADA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń lo òfin okòwò kan náà, fúnra rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àjàṣẹ́ níbẹ̀, ERSUMA, ṣùgbọ́n òfin okòwò ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ìṣúná ìjọba, ẹ ní láti kọ́ ọ lọ́tọ̀.

Ti àwọn oníbàárà yín ni mo rí bí ewu tó súnmọ́ jù. Ìjókòó àkọ́kọ́ Ilé Aṣòfin máa ń ṣí nínú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ oṣù kẹrin. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin yẹn náà ni ìwé ìparí ọdún àwọn oníbàárà yín gbọ́dọ̀ ti jáde. Ẹ kò lè wà níbi méjèèjì. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ láìsọ, tó sì ń fọwọ́ sí ohun tí kò kà, ọjọ́ tí ìtanràn bá já lé oníṣòwò náà lórí lọ̀rọ̀ á di ti gbogbo ìlú. Ẹ fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé: journal, grand livre, balance àti livre d'inventaire, kí ẹ̀yin àti ẹni tó ń gbà á jọ fọwọ́ sí i. Òfin OHADA ní kí wọ́n tọ́jú ìwé owó fún ọdún 10, ẹ má sì jẹ́ kí àpótí kankan sọnù nígbà tí ẹ bá ń kó kúrò. Ẹ tún rántí pé àṣírí oníbàárà kì í tú torí pé ẹ ti di olóṣèlú. Bí ẹ bá mọ̀ pé alátakò yín kan kì í san owó orí pé torí ẹ̀yin lẹ kọ ìwé rẹ̀, ẹnu yín kò gbọdọ̀ sọ ọ́ ní pápá ìpolongo. Ẹ má sì kọ expert-comptable (ọ̀gá oníṣirò owó) sórí pátákó yín bí orúkọ yín kò bá sí nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó tí òfin mọ̀. Ìwé ẹ̀rí licence ti yunifásítì nìkan kò sọ yín di ìyẹn. Ní ti àdéhùn tó wà láàárín ẹ̀yin àti oníbàárà kọ̀ọ̀kan, agbẹjọ́rò ló yẹ kó kà á. Ìdáhùn orí ìwé bí èyí kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ilé yín náà wà ńbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kan péré lè mú ìsìnkú méjì wá, ìsọmọlórúkọ kan, owó ilé ìwé ọmọ ẹni tó dìbò fún yín àti àtùpà mọ́ṣáláṣí. Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe ti oníbàárà: àpò ọ̀tọ̀, iye tí kò gbọdọ̀ kọjá lóṣù, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó yáwó wọlé ló ń jìyà jù. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá egbèje tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèfà. Ẹni tó bá fi gbèsè wọ ilé aṣòfin, ẹni tó yá a lówó ló máa ń bá a dìbò.

Ọ̀pọ̀ yóò sọ fún yín pé kí ẹ kọ́kọ́ di kánsẹ́lọ̀ ní Kétu, kí ẹ tó ronú Àjàṣẹ́. Ìmọ̀ràn dáadáa ni tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ìwé òfin ti ìparí 2025 ti sọ sáà di ọdún méje, ti dépútè àti ti kánsẹ́lọ̀ pẹ̀lú, ọjọ́ kan náà sì ni wọ́n dìbò méjèèjì ní 2026. Bí ẹ bá dúró de ipò kánsẹ́lọ̀ ní 2033 kí ẹ tó du ti dépútè, ó di 2040, ẹ ti pé ẹni 50. Lójú tèmi, ẹ má fi ìgbìmọ̀ kọ́múùnù ṣe àtẹ̀gùn; ẹ fi í ṣe ilé ẹ̀kọ́. Gbangba ni wọ́n ń ṣe ìpàdé wọn, kò sí ẹni tó máa lé yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀nà oko yẹn gan-an ló ń dùn yín lọ́kàn ju ohunkóhun lọ, ipò kánsẹ́lọ̀ ni kí ẹ du ní 2033, kí ẹ gbàgbé Àjàṣẹ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jíròrò compte administratif, ìyẹn ìwé ẹni tó pàṣẹ ìnáwó, ẹ wá ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì wá ti receveur tí wọ́n ń pè ní compte de gestion. Ẹ tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì, ẹ mú orí ìnáwó kan, irú bí ìtọ́jú ọ̀nà, ẹ fi ìlà wé ìlà. Bí iye tó wà nísàlẹ̀ kò bá dọ́gba, ẹ kọ nọ́ńbà ìlà náà sílẹ̀, kí ẹ lọ bi receveur kó tó di ọjọ́ ìpàdé.